Igbá Ìfọwọ́ Inú Gáà

Ọkùnrin kan wà. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé nílé tiwa, a kì í sọ ìtàn kí a má sọ ojú ta ló tó o.

Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Fúlàní fi yí gáà wọn ká. Ìyá arúgbó tó ni gáà náà wà níbẹ̀. Ìnnà ni gbogbo abúlé ń pè é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kékeré náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì wo ojú ara wọn. Ọkọ Ìnnà jókòó lórí ẹní, ó ń jẹ obì, kò dá sí ohunkóhun. Àwọn màlúù náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní í ka ìyẹn, nítorí pé àwọn tó ni wọ́n kì í fẹ́ kí a kà wọ́n.

Ẹnì kan wà tó yẹ kó wà níbẹ̀, tí kò sí níbẹ̀. Àbúrò ọkùnrin náà ni, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ màlúù ló gbé ọkùnrin náà dé gáà. Kì í ṣe ọlọ́sìn o. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Màlúù kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò sì rà á. Ìyá rẹ̀ ló ni ín. Ní ọdún tí ọ̀dá dá, tí odò gbẹ, ìyá náà ṣí kànga rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará gáà àti ẹran wọn, nígbà tí àwọn yòókù ń fi pákó bo tiwọn. Nígbà tí òjò padà dé, Ìnnà fa ẹgbọrọ abo màlúù kan wá, ó so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní, “Èyí ti mu omi rẹ. Tìrẹ ni.”

Ìyá náà sọ màlúù ní Àwẹ̀ró. Àwọn aládùúgbò fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló ń fi oríkì ọmọ ènìyàn pe ẹran. Ó ní àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò tíì tọ́ wàrà rẹ̀ wò ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Ìnnà kọ́ bí a ti ń fún wàrà. Ọmọ náà ló ń gé koríko fún Àwẹ̀ró, òun ló ń já eégbọn lára rẹ̀, òun ló sì ń kì í kí ó tó fi ọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Nígbà tí ó lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò, ìyá gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí ìyá kú, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó ọkùnrin náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wàrà Àwẹ̀ró gbẹ. Nígbà tó yá, ó tún lóyún, ó sì bí. Láti ọjọ́ tó ti bí ni nǹkan ti dàrú. Ọmú rẹ̀ wú, ó le, ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Bí ìyàwó ilé bá nawọ́ sí i, yóò ta á nípàá. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹnu kàn án, yóò ta òun náà dànù. Ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń rọ sí ọmọ màlúù náà lẹ́nu, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣàn padà jáde. Kò lè fi gbogbo ẹsẹ̀ dìde mọ́.

Ọkùnrin náà kò sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun nìyí. Nínú gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, ọlọ, ìkòkò, aṣọ inú àpótí, Àwẹ̀ró nìkan ló ṣì ń mí. Bí ó bá kú, kò ní í sí ohun kan nílé náà mọ́ tó mọ bí ọwọ́ ìyá ṣe rí.

Ó kọrí sí gáà.

Ó ti pẹ́ tí ìṣe àwọn ará gáà ti ń yà á lẹ́nu. Ẹni tó máa ń fẹ́ tú ìdí ohun gbogbo wò ni. Bí ó bá rí aago, kì í bèèrè iye tó lù, inú rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ó ti rí i pé bí wàrà bá dà sílẹ̀, àwọn ará gáà kì í tẹ̀ ẹ́ kọjá; wọ́n á fi ìka tọ́ ọ, wọ́n á fi kan iwájú orí. Wọn kì í da ẹsẹ̀ kọjá lórí okùn ọmọ màlúù. Wọn kì í gbé igbá wàrà láìdé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti ẹnu ọgbà dé ẹnu ọ̀nà ahéré. Ó ti bi wọ́n nídìí rí, èsì kan náà ni wọ́n sì ń fún un: “Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.” Kò gbà wọ́n gbọ́. Lójú tirẹ̀, kò sí èèwọ̀ tí kò ní oògùn nínú. Ẹni tó ni ín ni kò fẹ́ sọ.

Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fún wàrà. Ìyàwó kékeré ti jẹ́ kí ọmọ màlúù kan mu díẹ̀ lára ìyá rẹ̀, ó ti fà á sẹ́yìn, ó sì ti lóṣòó ti màlúù náà. Ó fún un, ó fún un. Wàrà kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kán kan bọ́ sínú igbá, òmíràn tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú.

“Dìde níbẹ̀,” ni Ìnnà wí. “Ta lo bá jà?”

Èdè wọn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ń gbọ́ ọ láti kékeré.

“N ò bá ẹnikẹ́ni jà.”

Ìyàwó àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń di igi. Ó pòṣé. “Òótọ́ ló sọ. Òun kọ́. Ahọ́n rẹ̀ ló jí wá bá mi jà, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń sùn lọ́wọ́.”

“Ìnnà, ẹ gbọ́ o! Ta ló sọ pé ọmọ mi rí bí ewúrẹ́ tí òjò pa?”

“Ewúrẹ́ ni mo rí tí mo sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwọ lo sọ pé ọmọ rẹ ni.”

Ọkọ Ìnnà ti obì mìíràn bọ ẹnu kíákíá, kí ẹ̀rín má bàa jáde níbẹ̀.

Ìnnà kò dá wọn lẹ́jọ́. Kò bi wọ́n léèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní kí wọ́n gbé igbá ìfọwọ́ wá. Igbá kékeré kan ni, ó ti dúdú fún ọjọ́ orí. Wọ́n bu omi sí i, wọ́n gbé e sílẹ̀ lábẹ́ igi tó ṣíji bo ọgbà, àwọn obìnrin méjèèjì sì lóṣòó tì í. Kì í ṣe pé ọ̀kan fọ̀ kí èkejì tó fọ̀ o. Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ inú igbá náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè kò sì gbà wọ́n. Ìka wọn ń kọlu ara wọn nísàlẹ̀ omi.

“Èékánná rẹ ti gùn jù,” ni ìyàwó àgbà wí. “O fẹ́ bó mi láwọ ni?”

“Ṣé ewúrẹ́ náà máa ń ní èékánná ni?”

Ìyàwó àgbà fẹ́ pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fi omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n èkejì lójú. Ìyàwó kékeré padà sídìí màlúù, ó nawọ́, wàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣàà, ṣàà, nínú igbá.

Ojú àwọn obìnrin náà kọ́ ni ọkùnrin náà ń wò. Inú igbá ìfọwọ́ ló ń wò. Ewé kan léfòó lójú omi náà, ewé róbótó kan. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti sọnù. Ó wí fún ara rẹ̀ pé, “Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.”

Ó kí Ìnnà, ó sì ro ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìnnà gbọ́ ọ tán.

“Ta ló ń bá ta jà nílé yín?”

“Kò sí ìjà nílé mi, Ìnnà.”

“Àbúrò rẹ ńkọ́, èyí tí mo kọ́ ní wàrà fífún?”

“Ó wà ní àlàáfíà.”

“O ti rí i?”

“Odò ló wà láàárín wa, Ìnnà.”

“Odò,” ni Ìnnà tún un sọ.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi nínú omi ìfọwọ́ yẹn.”

Ìnnà rẹ́rìn-ín. “Omi odò ni. Odò kan náà tó gba ẹ̀yìn oko rẹ kọjá.”

“Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bù ú fún mi.”

Ìnnà gbé gbogbo rẹ̀ fún un, tòun ti igbá, tòun ti ewé. Ọkùnrin náà fi ewé gbòòrò dé e, ó gbé e rìn wálé bí ẹni gbé ẹyin, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó gbà pé ìyá arúgbó náà kò mọ̀ pé òun ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó pe ìyàwó rẹ̀ sídìí Àwẹ̀ró, ó ní kí àwọn jọ fọ ọwọ́.

“Ṣé à ń jà ni, baálé ilé?”

“A ò jà.”

“Kí la wá fẹ́ fọ̀?”

“Ṣáà fọ̀ ọ́.”

Wọ́n fọ̀ ọ́. Ìyàwó nawọ́ sí ọmú màlúù. Àwẹ̀ró ta á nípàá. Ọkùnrin náà pe àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró ta nípàá. Ó pe aládùúgbò kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ̀gẹ́ ọkùnrin náà rí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti parí láti ìgbà tí ewúrẹ́ náà ti di ọbẹ̀. Aládùúgbò náà fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwẹ̀ró ta nípàá, ó sì fọ́ igbá koto tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún wàrà.

Ọkùnrin náà jókòó, ó ronú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ìdí rẹ̀ ti yé òun. “Omi yìí, oògùn ìjà ni. Kò sì sí ìjà níbí. Kí ló fẹ́ wò? Ó yẹ ká jà díẹ̀, kí ó lè rí iṣẹ́ ṣe.”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ẹ bẹ̀rẹ̀, mò ń gbọ́.”

“Ọbẹ̀ rẹ àná kò níyọ̀.”

“Nítorí ẹ̀ ń wá iyọ̀ náà lẹ ṣe lá àwo mọ́.”

“O máa ń pẹ́ lọ́jà.”

“Ẹsẹ̀ tí bàbá mi fún mi ni mo fi ń rìn. Ẹ ra kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá wo bí mo ṣe máa ń tètè dé.”

Àwọn ọmọ ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá wọn. Ọkùnrin náà rí i pé àwọn ọmọ òun ń gbè sẹ́yìn ìyá wọn. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa wọra. Ó ní, “Ká ní ìyá mi mọ̀ pé aláròyé báyìí ni ọ́, kì bá tí bá mi fẹ́ ọ.”

“Ìyá yín?” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ìyá tí ẹ sin láìjẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin rí ojú rẹ̀?”

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dìde, ó wọlé.

“Eré là ń ṣe,” ni ọkùnrin náà wí.

“Eré ni tẹ́lẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ ti igbá náà sí i lẹ́sẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Gbogbo àdúgbò ló ti fọwọ́ sínú omi yìí, baálé ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àsìkò òjò ni ìyá wọn kú. Odò kún. Ọkùnrin náà sì ni àkọ́bí. Nígbà tí ìròyìn fi máa dé òdìkejì odò, tí àbúrò rẹ̀ sì fi máa dé abúlé, ilẹ̀ orí sàréè ti ń gbẹ. Obìnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò ké. Ó bèèrè ohun kan ṣoṣo: “Ta ló wẹ ìyá mi?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dá a lóhùn pé odò kún, pé òkú kì í dúró de ọ̀nà. Kì í ṣe ohun tó bi í nìyẹn. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu ún. Ó padà lọ bó ṣe wá, ẹrù rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn láti ẹnu àwọn èrò ọjà. Ọkùnrin náà kì í pe ìyẹn ní ìjà. Kò sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Odò ló wà láàárín wọn.

Ó gbé igbá náà, ó lọ sí òdìkejì. Omi tó bù ní gáà ṣì wà nínú rẹ̀, ewé sì wà nínú omi, nítorí pé ó ṣì gbà pé àwọn ni yóò ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ọpọ́n dé agbede méjì odò, ìgbì gbá a, igbá dojú dé sí orókún rẹ̀. Omi bá omi lọ. Ewé náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Atukọ̀ wo ojú ọkùnrin náà, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ohun iyebíye ni?” Ọkùnrin náà yí igbá náà síwá sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀.

Ó dé ilé àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú igbá òfìfo.

Obìnrin náà ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti yẹ, ó gbé àpótí fún un, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

“Àwẹ̀ró ti bímọ,” ni ọkùnrin náà wí.

“Mo gbọ́.”

“Kò jẹ́ ká fún òun. Ọmú rẹ̀ ti wú. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ.”

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀gúsí mìíràn. “Ká ní ó ti fún yín ní wàrà, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ bá mọ ọ̀nà ilé mi?”

Ọkùnrin náà gbé igbá òfìfo náà kalẹ̀. Ó ní, “Fún mi lómi.”

“Mímu?”

“Rárá. Sínú èyí.”

Nígbà náà ni obìnrin náà wo igbá náà dáadáa. Ó ti jókòó pẹ́ ní gáà nígbà èwe rẹ̀. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó jẹ́ fún un. “Ta ló fún yín ní èyí?”

“Ìnnà.”

“Ìnnà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ̀ ń gbé e bọ̀?”

“Ó mọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀.”

Obìnrin náà bu omi nínú àmù rẹ̀, ó dà á sínú igbá, ó gbé e ka iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí. Ọkùnrin náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi náà. Ó dúró. Ẹ̀gúsí ń dún pa, pa. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ sódò kí wọn, ó rí àlejò tó ti ki ọwọ́ bọ omi, ó ní, “Ẹ kú àlejò o. Ẹ tètè gbé oúnjẹ wá, ebi ti ń pa wọ́n!” Ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

“Òjò pọ̀ lọ́jọ́ náà,” ni ọkùnrin náà wí.

Pa, pa.

“Àwọn àgbà ní òkú kì í dúró.”

Pa, pa.

“Odò kún. Atukọ̀ kò gbà láti rékọjá.”

“Mo bi atukọ̀ léèrè,” ni obìnrin náà wí, kò gbójú sókè. “Ó ní kò sẹ́ni tó bẹ òun.”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ nínú omi. Ó wò ó pẹ́. Ó ń wá ewé kan tí kò sí níbẹ̀.

“Kì í ṣe odò,” ló wí. “Mi ò ránṣẹ́ títí wọ́n fi gbẹ́ sàréè tán. Ìwọ lo mọ ìyá jù. Mo mọ̀ pé bí o bá dé, ìwọ ni wàá máa sọ bí ó ṣe fẹ́ ẹ, ìwọ ni gbogbo èèyàn á máa gbọ́ tìrẹ. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni mo sin ín.”

Ariwo ẹ̀gúsí dákẹ́. Obìnrin náà gbọn èèpo kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ inú igbá náà. Àyè kò gba ọwọ́ mẹ́rin. Ìka wọn kọlu ara wọn.

“Omi yìí ti gbóná,” ló wí. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè díẹ̀ nínú omi. Awọ orí ìka ọkùnrin náà ti hunjọ nítorí ó ti pẹ́ nínú omi. “Ẹ wo ìka yín. Ó ti rí bíi ti ìyá wa.”

Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti wá sunkún, ẹkún tí kò sun lórí sàréè. Nígbà tó tán, ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, “Ta ló wẹ̀ ẹ́?”

“Ìyàwó mi ni. Ọṣẹ dúdú tí o rà fún un ló fi wẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi pa mọ́ dè ọ́.”

Wọ́n jọ rékọjá odò kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin náà kò tíì wọlé tí ó fi lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé omi gbígbóná àti aṣọ wá. Ó dúró sí ibi tí Àwẹ̀ró ti lè rí i, ó sì kì í bó ti máa ń kì í: “Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró elétí ewé kókò, arìn-bí-ìyàwó-tuntun, ọmọ amukànga-má-bẹ̀rù.” Màlúù náà yí orí padà. Etí rẹ̀ méjèèjì nà. Obìnrin náà fi aṣọ gbígbóná lé e lọ́mú, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dì, ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Wọ́n dà á nù. Wọ́n tún un fún, wọ́n tún un fún. Nígbà tó yá, ó funfun. Ọkùnrin náà gbé ọmọ màlúù dání bí ọmọ jòjòló, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ọmú ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i tí ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹran tó kọjá lábúlé lẹ́yìn náà ní àrùn ọmú ni, pé omi gbígbóná àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló tú u. Ìyàwó ọkùnrin náà ní ohùn àbúrò ọkọ òun ni, pé ẹran kì í gbàgbé ẹni tó kì í. Aládùúgbò elẹ́wúrẹ́ ní omi ìfọwọ́ ni, ó sì wá yá igbá náà nítorí adìẹ rẹ̀ tí kì í yé. Ọkùnrin náà gbọ́ ti gbogbo wọn, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó gbé igbá náà padà lọ fún Ìnnà.

“Ìnnà, ẹ má bínú. Ewé wo ló wà nínú omi ọjọ́ kìíní?”

“Ewé wo?”

“Ewé róbótó kan ni. Mo fojú mi rí i.”

Ìnnà gbójú sókè wo igi tó ṣíji bo ọgbà. Kí ó tó sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́, ewé kan já, ó sì balẹ̀ sínú igbá náà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

“Èyí?” ni Ìnnà bi í.

Ọkọ rẹ̀ gbé obì sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọkùnrin náà fara da ẹ̀rín náà. Ó ní, “Bí kò bá sí oògùn nínú rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a,” ni Ìnnà wí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ẹni tó ṣí kànga fún un ni, ó fi díẹ̀ kún un. “Èmi náà bi ìyá ọkọ mi nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó. Ó ní màlúù ń gbọ́ òórùn ìjà lọ́wọ́ ẹni, pé á di wàrà rẹ̀ mú. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, màlúù kò sọ fún mi rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igbá yìí kéré. Igbá ńlá ńlá wà ní gáà yìí. Láti ọjọ́ tí a ti délé ayé, kò sẹ́ni tó fi ńlá ṣe é rí.”

Ó ní kí ọkùnrin náà gbé igbá náà padà lọ sílé.

Òun ló ṣe wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ọkùnrin náà àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n di ilé tí à ń pè ní ilé wa lónìí, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ti tọ́ gbogbo wọn dàgbà. Àwẹ̀ró náà tún bí òmíràn lé ọmọ yẹn.

Ìwọ tó jókòó gbọ́ èyí, o ti sọ fún gbogbo ẹni tó bi ọ́ pé o ti dárí ji ẹ̀gbọ́n rẹ. O ní inú yàrá rẹ lo ti dárí jì í, lórí ìkúnlẹ̀, pé kò sí ohun kankan nínú rẹ mọ́. A gbọ́. Ọkùnrin yẹn náà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó bá ọmọ fọ̀ ọ́, ó bá aládùúgbò fọ̀ ọ́. Kò sí ọwọ́ tó mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo abúlé. Màlúù ń ta á nípàá síbẹ̀síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń rìn báyìí, ó ti ń dárúkọ èèyàn, o kò sì tíì gbé e rí. Bí wọ́n bá bi ọ́, wàá ní ọ̀nà Ìbàdàn kò dára.

Ọláòṣebìkan, igbá náà wà lórí pẹpẹ yàrá mi, aṣọ funfun ni mo fi bò ó. Gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́la. Má bu omi láti ilé. Omi ilé rẹ̀ ni kí o tọrọ. Kọ́kọ́ ki ọwọ́ tìrẹ bọ̀ ọ́. Má sọ̀rọ̀ òjò, má sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Bí ó bá sì pẹ́ kí ó tó wá jókòó, má yọ ọwọ́ kúrò. Jẹ́ kí omi náà gbóná.